Tírélà Nọ́ńbà 58

Kúnbi tún ṣí i. Ó di ìgbà kọkànlá. Ojú ewé tírélà nọ́ńbà 58 jáde lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, orúkọ tó sì wà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó ti ń rí láti àárọ̀: Alhaja Ruqoyah, tòmátò, láìnì kẹrin. Ó fa bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó fi báírò kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìkọkànlá: ó tọ́." Ó pa ojú ewé náà dé. Ó tún ṣí i.

Agogo mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Agogo méjìlá ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò fi ìpàdé sí ní Mile 12, kí wọ́n lè parí rẹ̀ kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn. Wọ́n fẹ́ lé Mọ́nsúrù kúrò lẹ́nu géètì, kí wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ohùn Mọ́nsúrù ṣì wà lórí fóònù Kúnbi. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà, èmi Mọ́nsúrù ni. Wọ́n ti bọ́ káàdì kúrò lọ́rùn mi. Wọ́n ní Bartholomew fún mi ní rìbá. Ọmọ mi, ohun tí mo rí lójú fóònù ni mo ké jáde. Bartholomew ni mo rí, láìnì kẹsàn-án. Ojú mi ò fọ́. Tí ẹ̀rọ yín bá lẹ́nu, kó wá jẹ́rìí."

Ẹ̀rọ náà kò lẹ́nu. Ohun tó wà lójú rẹ̀ nìkan ló lè fi hàn, ohun tó sì ń fi han gbogbo ayé láti àárọ̀ ni pé Mọ́nsúrù purọ́.

Ilé iṣẹ́ tí Kúnbi ti ń ṣiṣẹ́ kò ju yàrá méjì lọ, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ní ọ̀nà Ìkòsì. Bọ̀wálé ló ni ín. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣe ápù kan fún ọjà náà. Gbogbo tírélà tó bá ń bọ̀ láti òkè Ọya ni wọ́n ti máa fún ní nọ́ńbà kó tó dé. Bó bá dé ẹnu géètì, Mọ́nsúrù á ṣí nọ́ńbà náà lórí fóònù tí ẹgbẹ́ rà fún iṣẹ́ yìí, á rí orúkọ ẹni tó ni ẹrù àti láìnì tí wọ́n máa já a sí, á sì ké e jáde fún awakọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìwé ẹlẹ́yìn líle kan ló fi ń ṣe é kí ápù tó dé, kódà lẹ́yìn tí ápù dé, ó ṣì ń kọ nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ àti orúkọ tó wà lórí ìwé ẹrù awakọ̀ sínú ìwé rẹ̀.

Kúnbi fúnra rẹ̀ ló ní kó pa ìwé náà tì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló lọ dúró tì í lẹ́nu géètì. Ó rí i bó ṣe ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé tán kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, inú bí i. "Bàbá, iṣẹ́ kan náà lẹ̀ ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì yìí. Ẹ ju ìwé yẹn nù." Kò lè fara da kí nǹkan máa ṣòfò lójú rẹ̀, ìbáà ṣe àkókò, ìbáà ṣe bébà.

Láàárọ̀ yìí, nǹkan bí agogo méje, tírélà méjì tẹ̀ lé ara wọn wọlé, òjò sì ń rọ̀. 57 jẹ́ ti Bartholomew. Ó lọ sí láìnì kẹsàn-án, kò sí wàhálà. 58 jẹ́ ti Alhaja Ruqoyah, ṣùgbọ́n láìnì kẹsàn-án náà ni Mọ́nsúrù darí rẹ̀ sí. Ọkọ̀ méjì ni Bartholomew ń retí lọ́jọ́ náà, nítorí náà àwọn alábàárù rẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, wọ́n já a. Tòmátò kì í dúró de ẹjọ́. Kó tó di agogo mẹ́sàn-án, àwọn oníbàárà láti Ṣàgámù àti Ẹ̀pẹ́ ti gbé e lọ tán, Alhaja sì wà ní láìnì kẹrin, ó ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yọ síta, gbogbo ẹni tó ní fóònù ló ṣí nọ́ńbà 58 wò. Alhaja Ruqoyah ni wọ́n rí. Ta ló wá rí Bartholomew, bí kò ṣe ẹni tó ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀?

Kúnbi gbé báírò sílẹ̀.

Ìlarò ló ti kọ́ṣẹ́ yìí, lẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tí kò fojú rí rí. Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀kọ́ máa ń wọlé sórí í-meèlì. Kí Sátidé mìíràn tó dé, iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un gbọ́dọ̀ ti padà. Ọdún méjì gbáko, kò pẹ́ rí, kò sì tọrọ ààyè rí. Gbólóhùn kan wà tí olùkọ́ náà kì í yé kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: má dán iṣẹ́ rẹ wò bí ìwọ ṣe mọ̀ ọ́n, dán an wò bí ẹni tó máa lò ó.

Ó wo bébà tó wà níwájú rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló ti dán an wò bí Kúnbi. Ó pe Mọ́nsúrù.

"Bàbá, ẹ má bínú. Báwo lẹ ṣe dé orí 58?"

"Mo tẹ̀ ẹ́ ni."

"Níbo? Ṣé ẹ padà sórí lísìtì, ẹ wá tẹ 58 níbẹ̀?"

"Ohun tí mo máa ń ṣe nìyẹn." Ariwo ọjà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n òjò ń lù mí, tírélà mẹ́rin tò sẹ́yìn, wọ́n ń fun fèrè bí ẹni pé ilé ń jó. Mo wá rántí nǹkan tuntun tí o fi hàn mí lánàá, tí o ní kí n máa tẹ̀ kí n má máa lọ kí n má máa bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tẹ̀ ẹ́. Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"O dákẹ́."

"Mo máa pè yín padà."

Bọ́tìnnì kékeré kan ni. Kúnbi ló kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé Èyí tó kàn. Kúnbi ti rí i pé lẹ́yìn gbogbo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Mọ́nsúrù ń padà sórí lísìtì kó tó wá òmíràn, ó sì kà á sí ìfàkókòṣòfò. Nírọ̀lẹ́ àná ló fi bọ́tìnnì náà síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rí i pé nọ́ńbà tó wà lókè yí padà, ó ní ó ti ṣiṣẹ́. Ó gbé e jáde, ó lọ fi han Mọ́nsúrù lẹ́nu géètì, ó lọ sílé.

Ó mú fóònù tirẹ̀, ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo dì í mú bí ẹni tí agboòrùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó ṣí lísìtì. Ó tẹ 57. Bartholomew, láìnì kẹsàn-án. Kò padà sẹ́yìn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ Èyí tó kàn.

Nọ́ńbà tó wà lókè di 58. Àdírẹ́ẹ̀sì ojú ewé náà di 58. Lábẹ́ wọn, Bartholomew, láìnì kẹsàn-án. Orí ti yí, ara kò yí.

Ó jókòó. Kò pẹ́ tó fi rí ibẹ̀ nínú kóòdù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Nígbà tí ojú ewé náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, á wo nọ́ńbà tó wà nídìí àdírẹ́ẹ̀sì, á gbé nọ́ńbà náà lọ béèrè ẹni tó ni ẹrù. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń wò ó. Bí ènìyàn bá gba orí lísìtì wọlé, wọ́n á kọ́ ojú ewé náà ní tuntun, á sì tún nọ́ńbà wò. Ṣùgbọ́n Èyí tó kàn kì í kọ́ nǹkan kan ní tuntun. Ojú ewé náà kò kúrò lórí ìdúró, nọ́ńbà nìkan ló ń yí lórí rẹ̀, òun kò sì gbójú sókè mọ́.

Ó tún un ṣe. Ó ní kí ojú ewé náà máa fetí sí nọ́ńbà nígbà gbogbo, kó sì da ti àtẹ̀yìnwá nù ní kété tó bá ti yí, kó lọ béèrè òmíràn. Ó dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, ní ìdúró, pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó sáré tẹ̀ ẹ́ títí dé 63. Ní 61, èsì 60 pẹ́ kó tó dé nítorí nẹ́tíwọ̀kì, ó sì wá bo ti 61 mọ́lẹ̀. Ó pòṣé. Ó fi ìlà méjì kún un pé èsì tó bá dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ ti kọjá kò gbọdọ̀ wọlé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti 57. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ tọ́.

Bọ̀wálé wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, pàápàá nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

"Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, ọ̀gá. Tiwa ni. Tèmi ni. Bàbá yẹn ò purọ́."

Ó fi hàn án lórí fóònù rẹ̀. Bọ̀wálé tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì.

"O sì ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe."

"Gbé e jáde kíákíá. Kó tó di agogo méjìlá, kó ti mọ́ pátápátá."

"Ọ̀gá, tí mo bá gbé e jáde, kò sí fóònù tó máa ṣe àṣìṣe yẹn mọ́. Kí ni Bàbá Mọ́nsúrù máa fi han àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́?"

"Ṣé òṣìṣẹ́ wa ni?"

"Rárá."

"Ẹgbẹ́ ló gbà á síṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀." Ó fa àga, kò jókòó. "Kúnbi, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ buwọ́ lùwé fún géètì mẹ́rin tó kù. Ṣé o fẹ́ kí n lọ bá Alhaja pé, ẹ kú ọjọ́ o, àwa la ta tòmátò yín?"

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ fún un."

"Kì í ṣe èmi. Kì í sì í ṣe ìwọ. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, o ò gbọ́ ọ rí ni? Gbé e jáde."

Kúnbi wo ago ara ògiri. Tírélà ṣì ń wọlé ní Mile 12. Bọ́tìnnì náà wà lójú gbogbo ẹni tó bá ṣí ápù náà, tòmátò ẹlòmíràn sì lè ṣìnà nísinsìnyí tí àwọn ń bá ara wọn jiyàn. Kò lè fi àṣìṣe sílẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí kó lè rí ẹ̀rí. Agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló gbé e jáde.

"Good," ni Bọ̀wálé wí. Ó yà sí yàrá kejì.

Kúnbi ṣí ápù náà lórí kọ̀ǹpútà láti rí i pé ti tuntun ló wà níbẹ̀. Òun ni. Ó mú fóònù rẹ̀ tó wà ní ìdojúbolẹ̀, ó sì tẹ 57, ó tẹ Èyí tó kàn. Bartholomew ló tún rí.

Ó tún tẹ̀ ẹ́, bákan náà ló rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Kò tíì pa ápù náà dé lórí fóònù láti ìgbà tó ti ń dán an wò. Ojú ewé tí wọn kò bá pa dé kò mọ̀ pé ilé ti yí padà. Ti àtijọ́ ni yóò máa lò títí ẹnìkan yóò fi ṣí i ní tuntun. Fóònù tirẹ̀ kò wúlò fún ẹ̀rí, wọ́n á ní ó ti lọ ṣe nǹkan sí i nílé. Ṣùgbọ́n Mọ́nsúrù kì í pa ápù dé láti ìdájí tó bá ti ṣí i, kí dátà má baà tán. Fóònù ẹnu géètì.

"Bàbá, níbo ni fóònù iṣẹ́ wà?"

"Ó wà lọ́wọ́ Mutolib, akọ̀wé wa. Wọ́n gbà á pẹ̀lú káàdì mi."

"Ẹ sọ fún un kó má pa nǹkan kan dé níbẹ̀. Kó má tún un ṣí."

"Ọmọ mi, ta ló ń gbọ́ tèmi níbí? Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó."

"Bátìrì ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti ń ké láti aago mẹ́jọ."

Kúnbi ti dìde. Ó fa pọ́wà báǹkì rẹ̀ yọ lára ògiri. Bọ̀wálé dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mile 12."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́ yín, ọ̀gá. Mo ṣe èyí tó jẹ́ tiyín nínú ẹ̀. Ó ti jáde."

"Tí o bá lọ, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́ yìí lo máa gbé lọ. Fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Kúnbi pa láptọ́ọ̀pù náà dé, ó tò ó sí àárín tábìlì, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e. Ó ká bébà ìgbà mọ́kànlá náà, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà Ìkòsì. Ní Kétu, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ń béèrè ṣéńjì rẹ̀, awakọ̀ ní òun kò ní, àwọn méjèèjì ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ọjọ́ ṣì gùn fún. "Ẹ sọ̀ mí síbí," ni Kúnbi wí. Ó rìn ín dé inú ọjà. Omi òjò àárọ̀ ti pò mọ́ tòmátò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ pọ́n, ó sì ń yọ̀. Alábàárù kan kígbe, "Ẹ̀gbẹ́ yín o, ẹrù ń bọ̀!" Ó yà fún un láìwẹ̀yìn.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to apẹ̀rẹ̀ òfìfo sí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí agogo méjìlá tó lù. Alága jókòó sídìí tábìlì, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Alhaja Ruqoyah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kò wo ẹnikẹ́ni. Bartholomew, ọkùnrin gígùn kan tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún, fara ti ògiri. Mọ́nsúrù nìkan ló dúró láàárín ilé. Láìsí káàdì lọ́rùn rẹ̀, ó dà bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ.

Mutolib akọ̀wé gbé fóònù ẹnu géètì sókè. "Bàbá Alága, kí a má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i ní tuntun lójú gbogbo wa. Ohun tó bá sọ náà ni." Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lókè ojú fóònù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tẹ̀ ẹ́," ni Kúnbi wí láti ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo wọn yíjú.

"Ta nìyí?" Alága béèrè.

"Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni," Mọ́nsúrù dáhùn. "Òun ló ṣe ẹ̀rọ yẹn."

"Ó dáa tí ẹ wá," ni Bartholomew wí. "Ẹ bá mi bi ẹ̀rọ yín bóyá mo fún òun náà ní rìbá."

Mutolib kò gbé ọwọ́ kúrò. "Ọ̀gá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí, kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní àwọn ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin wá ń sọ pé kí n má tẹ̀ ẹ́."

Kúnbi mọ̀ pé bí òun bá ní ọ̀gá òun kò rí i dáadáa, ọ̀nà ṣì wà láti padà sí Ìkòsì. Ó wọlé, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́nsúrù.

"Àṣìṣe wà. Mo fi han ọ̀gá mi kí n tó wá. Mo ti tún un ṣe, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ lórí gbogbo fóònù yòókù. Inú èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn nìkan ló kù sí, torí wọn ò tíì pa á dé láti ìdájí. Tí ẹ bá ṣí i ní tuntun, tàbí tó bá kú, a ò ní rí i mọ́."

Mutolib wo igun fóònù náà. "Ó ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún."

Kúnbi yọ pọ́wà báǹkì, ó na wáyà rẹ̀ sí i. Kò wọlé. Fóònù àtijọ́ ni, ẹnu rẹ̀ kò gba irú wáyà tirẹ̀. Ó yí i, ó tún yí i. Kò wọlé. Fóònù náà ké lẹ́ẹ̀kan.

"Ta ló ní wáyà olórí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀?" Mutolib béèrè. Bartholomew fọwọ́ pa àpò rẹ̀ méjèèjì, ó mi orí.

Alhaja Ruqoyah dá tẹ̀sùbáà dúró. Ó wo fóònù náà, ó wo Mọ́nsúrù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ó ṣí báàgì rẹ̀. Wáyà funfun kan jáde tó ti di pupa ní igun méjèèjì.

"Irú ẹ̀ ni tèmi," ó ní. "Má jẹ́ kó kú, Mutolib. Mo fẹ́ mọ ẹni tó ta tòmátò mi."

Iná ṣáàjì tàn. Mutolib na fóònù sí Kúnbi, ṣùgbọ́n Kúnbi kò gbà á.

"Ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Kí Alhaja tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn."

Alhaja gbé e lé itan. Àtàǹpàkò rẹ̀ tó kun làálì dúró lójú rẹ̀.

"Ẹ tẹ 57, Mà. Ta lẹ rí?"

"Bartholomew. Láìnì kẹsàn-án."

"Ẹ má padà sẹ́yìn. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ tẹ Èyí tó kàn."

Alhaja tẹ̀ ẹ́. Ó sún fóònù náà jìnnà sójú rẹ̀, ó tún fà á súnmọ́. Ó padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá na fóònù náà sí Alága.

"58 ló wà lókè," ni Alága kà. "Bartholomew ló wà nísàlẹ̀." Ó wo Mutolib. "Tìẹ ńkọ́?"

Mutolib ti yọ fóònù tirẹ̀. "Alhaja Ruqoyah ló wà nínú tèmi, sà. Láìnì kẹrin."

Ohùn àwọn alábàárù ń gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ṣé ẹ wá rí i," Bartholomew wí, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. "Bọ́tìnnì. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí lólè nítorí bọ́tìnnì."

"Ìwọ náà já ẹrù tí kì í ṣe tìẹ láìwo ìwé rẹ̀," ni Alhaja wí. "Dákẹ́."

Bartholomew tún fara ti ògiri.

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Alága bi Kúnbi. "Sọ ọ́ bí yóò ṣe yé wa."

"Ó dà bíi kí Bàbá Mọ́nsúrù béèrè orúkọ lọ́wọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́, kó wá dijú, kó máa fi orúkọ yẹn pe gbogbo ọkọ̀ tó bá tẹ̀ lé e."

"Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí," ni Mọ́nsúrù wí.

"Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, Bàbá. Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo fi bọ́tìnnì síbẹ̀ lánàá láìdán an wò tó, èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ ju ìwé nù. Ká ní ìwé yẹn wà lọ́wọ́ yín láàárọ̀, ẹ̀ bá ti rí i pé nọ́ńbà ọkọ̀ ò bá orúkọ mu."

Alága gbé fìlà rẹ̀ dé orí. "Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ buwọ́ lùwé fún ilé iṣẹ́ yín. O mọ̀?"

"Mo mọ̀ sà."

"O sì wá."

"Ọkọ̀ ṣì ń wọlé, sà."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ṣí dúróà, ó mú káàdì kan tí okùn rẹ̀ ti ṣá jáde, ó tì í síwájú lórí tábìlì. "Mọ́nsúrù. Ọ̀rọ̀ tòmátò di ti èmi, Alhaja àti Bartholomew. Ìwọ padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

Mọ́nsúrù kò sáré. Ó mú káàdì náà, ó fi etí agbádá rẹ̀ nù ún, ó kọ́ ọ sọ́rùn. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ Alhaja, obìnrin náà na ọwọ́ sí i.

"Mọ́nsúrù, fi orí jì mí."

"Ó ti tán, Alhaja." Ó kọjá. Kò tíì tán, gbogbo wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Lẹ́nu géètì, tírélà mẹ́ta ló tò. Kúnbi ti ní kí gbogbo wọn lókè pa ápù dé, kí wọ́n sì ṣí i ní tuntun, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ku fóònù ẹnu géètì, tí wọ́n ti dá padà fún Mọ́nsúrù. Ó gbà á lọ́wọ́ Mọ́nsúrù, wáyà Alhaja ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó pa ojú ewé àtijọ́ náà dé, ó ṣí i ní tuntun, ó dá a padà fún un.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀."

Mọ́nsúrù tẹ 57. Ó tẹ Èyí tó kàn. "Alhaja Ruqoyah," ó kà á sókè. "Láìnì kẹrin." Ó gbójú sókè wo tírélà tó wà níwájú, awakọ̀ rẹ̀ ti yọ orí síta. Mọ́nsúrù tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó ké nǹkan kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó fa ìwé ẹlẹ́yìn líle kan yọ tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Ó tú u, ó fi itọ́ ra ìka, ó ṣí i. Ojú ìwé tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

"Ẹ ò jù ú nù," Kúnbi wí.

"Ṣé torí o ní kí n jù ú?" Ó gba ìwé ẹrù lọ́wọ́ awakọ̀, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ó kọ orúkọ, ó fi ìwé wé fóònù, ó wò wọ́n pọ̀. "Ẹrù Ìdàyàtọ̀ ni! Láìnì kejì! Má wọ ti apá òsì o!" Tírélà náà bú, ó wọlé. Ó wo Kúnbi pẹ̀lú igun ojú. "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kan náà ni mo ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì yìí. Ṣé kí n jù ú ni?"

"Ẹ má jù ú, Bàbá."

Kúnbi dúró títí ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi wọlé, tí ìwé àti fóònù sì bára mu nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ló kí i pé ó dìgbà kan ná, ó sì yí padà. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú báàgì. Bọ̀wálé ni. Ìpè kẹfà nìyí.

"Kí lo sọ fún wọn?" ni ọkùnrin náà béèrè, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Mo sọ ohun tí mo kọ fún wọn, ọ̀gá. Iṣẹ́ náà ti parí. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí láptọ́ọ̀pù."

Ó fi fóònù sínú báàgì, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè nítorí ẹrẹ̀ pupa náà, ó sì kọrí sí ọ̀nà Kétu.